Àlejò Inú Ọkọ Mi

Ọwọ́ ọkọ mi máa ń gbọ̀n, onígbàjámọ̀ sì ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rín in tán nísinsìnyí, kí ni yóò kù fún yín nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀?

Kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ ládùúgbò wa. Ọ̀gá Orí ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé láti oríta kan dé èkejì, kò sí orí tí kò tíì tẹ̀ ba fún un. Iwájú ilé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò sì ju yàrá kan lọ. Dígí gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó ti sán ní igun, àga onírin kan tó ń yí, bẹ́ǹṣì pákó fún àwọn tó ń dúró, àti fáànù kan tí ariwo rẹ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Tábìlì tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí mo ti ń ta ọṣẹ, ìpara àti kóòmù. Èmi ni mò ń fọ táwẹ́lì, èmi ni mò ń gbá irun jọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ àwọn tó ti hewú ládùúgbò tí wọ́n ń pa á láró, kó wá bi mí.

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìfun ọkọ mi lọ́ mọ́ra wọn nígbà tó ń gẹrun lọ́wọ́. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ funfun, mo ní kó jókòó. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí ẹ̀yìn etí. Ó parí ẹ̀yìn etí, ó gbọn táwẹ́lì kúrò lọ́rùn oníbàárà, ó kí i pé ó kú oríire, lẹ́yìn náà ló ṣubú lulẹ̀. Irú ènìyàn tí mo fẹ́ nìyẹn. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, ìfun náà ti kú, àwọn dókítà sì gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ di ohun tó ń wò nínú àwo ẹlòmíràn. Inú iṣan ni wọ́n ti ń fún un ní tirẹ̀, omi funfun bíi mílíìkì nínú àpò rọ́bà. Ó rù títí ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ fi dà bí ẹ̀wù àyálò. Nígbà tó yá, àwọn iṣan náà bẹ̀rẹ̀ sí í dí lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àárín ìyẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí kú sójú títì ní ìlú mìíràn, tí ìyá rẹ̀ sì gbà kí wọ́n fi ìfun ọmọ òun gba ẹlòmíràn là. N kò mọ ojú ìyá náà, n kò mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ kan tí n kì í bẹ Ọlọ́run pé kó tù ú nínú.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ parí tí ọkọ mi ti jí, Dókítà pe ẹbí jọ láti sọ̀rọ̀ oògùn fún wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í kánjú. Ó ní, "Ara ènìyàn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ. Bí nǹkan àjèjì bá wọlé, wọn á gbéjà kò ó títí wọn á fi pa á. Lójú àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí, àlejò ni ìfun tuntun náà. Oògùn yìí ló máa mú kí wọ́n máa tòògbé, kí wọ́n má baà pa àlejò náà. Kó lò ó láàárọ̀, kó lò ó lálẹ́, títí ayé."

Bàbá Kékeré, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi, fi ọwọ́ sí etí. Etí rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni kò tíì kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Títí ayé ta ni?"

"Títí ayé tirẹ̀, sà."

"Ìyẹn á pẹ́ o."

Dókítà ní, "Ohun tí a fẹ́ nìyẹn."

Gbogbo ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ló dára. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó ṣe ni pé ó dárúkọ àlejò níwájú ẹbí ọkọ mi. Bí ó bá pe ìfun náà ní nǹkan mìíràn, bóyá à bá sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ta ni àlejò, ta ni ọmọ ilé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn. Pàápàá jù lọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Níwájú obìnrin yìí, "Ẹ̀gbọ́n mi" ni mò ń pè é. Nínú ikùn mi, Ìyá Àṣẹ ni. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ṣì ń rákò. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló rán an níléèwé, òun ló mú un lọ kọ́ṣẹ́ irun, òun náà ló sì kọ́ ọ ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi," tí kò fi lè sọ nǹkan mìíràn fún un títí di òní. Bẹ́ẹ̀dì àti fóòmù ló ń tà. Ẹni tó bá ti ń sọ fún aráyé láti ìgbà èwe rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa sùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sọ bí wọn yóò ṣe máa jí.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ọkọ mi jẹun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì, tí búrẹ́dì náà sì dúró nínú rẹ̀, mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Ara rẹ̀ kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, oògùn kejì tí wọ́n fi kún ti àkọ́kọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Àwọn èèyàn ń kí i pé ìgbádùn ti dé. Ó to fóònù rẹ̀ kó máa kọ bí àkùkọ nígbà tí àsìkò oògùn bá tó, láàárọ̀ àti lálẹ́. Gbogbo òpópónà mọ̀ wá ní ilé tí àkùkọ ti ń kọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Gbígbọ̀n ọwọ́ ni ohun tó bá a wá. Bó bá ti gbé oògùn mì ní ìdájí, kò ní pẹ́ tí ìka rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, yóò sì di ìyálẹ̀ta kí wọ́n tó rọlẹ̀. Ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣètò ni. Ó pín orí àdúgbò sí méjì: orí ìdájí àti orí ọ̀sán. Orí ìdájí ni ti ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ṣáà gẹ gbogbo rẹ̀ kúrò, ti ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ò bìkítà, àti ti àwọn tí kò ní dígí nílé. Kílípà nìkan ni yóò kàn án, abẹ kò ní yọjú rárá. Orí ọ̀sán ni ti àwọn tó ń fẹ́ ìlà tó gún, igun tó mú, àti ti ẹni tó ń gbéyàwó lọ́la.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀, ó ti di ọ̀ràn ipò. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá ní ìdájí á fajú ro, á ní wọ́n fi orí òun wọ́lẹ̀. Tíṣà kan wà ládùúgbò wa, tí gbogbo irun rẹ̀ kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ẹ̀yìn orí rẹ̀ ká lọ. Òun náà ní orí ọ̀sán lòun. Ọkọ mi gbà fún un, ó sì ń fi sùúrù gẹ okùn náà bí ẹni tó ń gé aṣọ olówó iyebíye.

Àwọn ọ̀tá wa kò dà wá láàmú. Àwọn tó fẹ́ràn wa ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ pé ẹ̀ṣọ́ ara ọkọ mi ń tòògbé ni yóò wá ohun tí yóò jí wọn wá. Èyí gbé oògùn ẹlẹ́rìndòdò dé, tí wọ́n ya kìnnìún sí lára ìgò rẹ̀. Èkejì gbé hóró tó pupa dé, ó ní bí àbúrò òun ṣe lò ó, òtútù kò mú un mọ́ títí wọ́n fi sin ín. Mo ń ṣàlàyé pé oorun gan-an ni a ń wá fún àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, wọ́n ń wò mí bí ìyàwó tó ń wá ikú ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, n kò ṣàlàyé mọ́. Mo ń gbà á, mo ń dúpẹ́, mo ń dà á sẹ́yìnkùlé. Kò sí eku tó lókun tó eku ẹ̀yìnkùlé wa.

Àwọn oníkọ́ náà wà. Ẹni tí ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ń sùn, ikọ́ lásán lè gbé e dé ọsibítù. Ọkọ mi ń bo imú, ṣùgbọ́n kò lè lé ènìyàn. Èmi ni mo wá ń lé wọn. Bí mo bá gbọ́ "hẹ̀n" kan lórí bẹ́ǹṣì, màá dìde, màá ní, "Ẹ padà wá nígbà tí ọ̀fun yín bá ti dákẹ́." Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ sùn, mo wá di ẹ̀ṣọ́ ìta. Wọ́n ní mo le. Mo le, àbí kí ni? Èmi ni mo gbé àpò rọ́bà yẹn kọ́ sórí irin rẹ̀ láláalẹ́, kì í ṣe àwọn.

Báyìí ni a ṣe ṣe é títí ìfun náà fi pé ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, Ìyá Àṣẹ yà wá kí wa láìròtẹ́lẹ̀. Kóòmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó ń wá a lábẹ́ bẹ́ǹṣì, àwọn oníbàárà sì ń wo òkè àjà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ó mú un tán, ó tún bọ́. Ìyá Àṣẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi sì ń dà lójú rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ẹkún gidi ni. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó pọ̀n dàgbà, ìfẹ́ náà ló sì lé e lọ pe ìpàdé ẹbí.

Pálọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ìyá Àṣẹ jókòó sórí àga ńlá, Bàbá Kékeré wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn ẹbí mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ń ṣe bó ti wí wà níbẹ̀, ọkọ mi wà láàárín bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Èmi náà ti fẹ́ẹ́ jókòó nígbà tí Ìyá Àṣẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, bá wa wo omi tó wà lórí iná."

Omi kankan kò sí lórí iná. Bí wọ́n ṣe ń lé ìyàwó ilé jáde nínú ìpàdé ẹbí nìyẹn ní ilé àna mi. Ìyàwó lè gbálẹ̀ ìpàdé, ó lè se oúnjẹ ìpàdé, ó sì lè gbọ́ ìpàdé láti kíṣínì bí etí rẹ̀ bá mú. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń gbọ́ ọ láti kíṣínì. Mo lọ gbé omi kaná, kí ó lè di òótọ́, mo sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Àṣẹ ló bẹ̀rẹ̀. "Dókítà sọ létí gbogbo wa pé àlejò ni ìfun yìí. A gbà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta! Àlejò wo ló ń pé ọdún mẹ́ta nínú ilé tí wọ́n ṣì ń pè é ní àlejò? Oúnjẹ wa ló ń jẹ. Bí a bá sùn, ó sùn. Ẹ̀jẹ̀ wa ló ń ṣàn nínú rẹ̀. Kò tún mọ ọ̀nà ilé tó ti wá mọ́. Ó ti di ọmọ ilé. Ta ló wá ń fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní oògùn oorun nítorí ọmọ ilé?"

Wọ́n kùn pé òótọ́ ni. Ọkọ mi ní Dókítà sọ pé títí ayé ni. Ìyá Àṣẹ ní, "Dókítà kò mọ̀ wá. Kò mọ irú ẹbí tí a jẹ́, kò mọ̀ pé a máa ń gbé ènìyàn mọ́ra. Wo ọwọ́ rẹ bó ṣe ń gbọ̀n bíi ti ẹni tó jí nǹkan. Ọwọ́ tí mo mú lọ kọ́ṣẹ́ nìyẹn?"

Bàbá Kékeré ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kí wọ́n dìbò. Mo yọjú, mo rí i bí wọ́n ṣe nawọ́ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfun wọlé láìní alátakò. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ti di ọmọ bíbí ilé yẹn, èmi sì wà ní kíṣínì, mò ń ṣọ́ omi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mu.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo dojú kọ ọkọ mi. "Olówó orí mi, ẹ ò ní tẹ̀ lé ìranù yẹn o?"

Ó ní, "Ṣé mo ya wèrè ni? Mo kàn fi 'bẹ́ẹ̀ ni' bọ̀wọ̀ fún wọn ni." Àkùkọ fóònù kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tó mu omi. Ó kọ lọ́jọ́ kejì, mo tún gbọ́ omi. Ọkàn mi wálẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ní ìdájí ọjọ́ kan, Tíṣà ya wọlé. Ó ní òun ń rìnrìn àjò, kò sáyè di ọ̀sán, kí wọ́n kàn fi kílípà pa á rẹ́ fóun. Ọkọ mi ní kó jókòó. Ó yọ abẹ. Gbogbo bẹ́ǹṣì na ọrùn. Ó fa ìlà kan láti etí ọ̀tún dé etí òsì Tíṣà, ìlà náà gún gbọọrọ, kò yẹ̀ níbì kan. Tíṣà fọwọ́ kàn án, ó yí sí dígí, ó yí padà. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ti dé, wọ́n ní ọwọ́ Ọ̀gá Orí ti padà sípò. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn níléèwé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi já bọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọwọ́ tó gbọ̀n ní gbogbo òwúrọ̀ fún ọdún mẹ́ta kò lè déédé dákẹ́. Mo ní, "Olówó orí mi, ẹ wá." Mo mú un wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó nà án. Ó dúró ṣinṣin. Ara rẹ̀ sì gbóná lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tí inú bá bí mi nìkan ni mò ń fi "ìwọ" pe ọkọ mi. Mo ní, "Ìwọ, níbo ni oògùn wà?"

Kò wò mí lójú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kó wọn jáde, ẹ̀kúnwọ́ kan. Kò lè dà wọ́n nù. Ó ní ó dun òun láti da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù. Ó kàn ń kó wọn sí àpò láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń mu omi lásán kí n lè gbọ́. Irun ti lẹ̀ mọ́ gbogbo hóró náà, dúdú àti funfun, irun orí gbogbo àdúgbò.

Ó ní, "Mo kàn fẹ́ tún rí ọwọ́ mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìfun náà ti di tiwa. Mo ní bóyá òótọ́ ni."

"Láti ìgbà wo ni inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Mo rò pé oúnjẹ ni."

Mo fẹ́ gbá a létí, mo fẹ́ gbá a mọ́ra. N kò ráyè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo lé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì jáde, Tíṣà sáré jáde pẹ̀lú okùn orí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, ó pe ọkọ̀ fún wa, a sì forí lé ọsibítù. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, ara rẹ̀ ti ń jó bí iná, ó ń bì, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí ẹ̀gbọ́n òun.

Dókítà fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí wo inú ìfun náà, ó sì gé bíńtín nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tó jáde, kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ti jí, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó ara ìfun náà láti inú. Òun yóò fi oògùn tó lágbára sí i nínú iṣan láti tún rọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá gbọ́, a ó mú un lọ sílé. Bí wọn kò bá gbọ́, a ó yọ ìfun náà kúrò, kò sì sí iṣan ńlá tó ṣẹ́ kù tí a lè fi máa fún un ní oúnjẹ. Mo bi í pé kí ló wá túmọ̀ sí. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ẹbí dé nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ẹ́ ṣú. Dókítà bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kó dá oògùn dúró?"

Olúkúlùkù ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá Kékeré ní, "A dìbò ni."

"Ẹ dìbò lórí kí ni, sà?"

"Lórí ìfun. Ó wọlé."

Dókítà wo ojú mi, bóyá ó fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá náà ń ṣeré ni. N kò lè ràn án lọ́wọ́. Ìyá Àṣẹ gbọn gèlè rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọdún mẹ́ta ni nǹkan yìí ti wà lọ́dọ̀ wa. Nínú ẹbí tiwa, ẹni tó bá ti bá wa gbé fún ọdún mẹ́ta, tó ń jẹ tó ń mu pẹ̀lú wa, a kì í pè é ní àlejò mọ́. Ó ti di ọmọ ilé."

"Mà, ara kì í ka ọdún. Àlejò ni yóò máa jẹ́ lójú rẹ̀."

"Ara àwọn ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹ ò mọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn mọ́ra."

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là. N kò gbèrò rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó ni mo ti lò nílé yín?"

"Kí ló kan ìyẹn báyìí?"

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

"Á tó méjìlélógún."

"Mo bí ọmọ mẹ́ta fún yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ló ń ṣàn lára wọn. Oúnjẹ yín ni mò ń jẹ, bí ẹ bá sùn ni mò ń sùn. Ọjọ́ tí ẹ jókòó ní pálọ̀ mi, tí ẹ sọ ìfun ọlọ́dún mẹ́ta di ọmọ ilé, níbo ni mo wà?"

Bàbá Kékeré ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ohùn ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa ṣe máa ń rí. Ó ní, "Kíṣínì lo wà."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Bí ẹ̀yin tí ẹ lójú, tí ẹ lọ́gbọ́n, tí ẹ mọ orúkọ ọmọ mi, kò bá tíì gbà mí wọlé lẹ́yìn ọdún méjìlélógún, báwo ni ara tí kò lójú yóò ṣe gba ìfun ọmọ ọlọ́mọ lọ́dún mẹ́ta?"

Nọ́ọ̀sì kan ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kọjá láàárín wa, a sì yà fún un. Ìyá Àṣẹ wá ibi jókòó sí, ó rí bẹ́ǹṣì pákó kan, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kó tó jókòó sórí rẹ̀. Oníṣẹ́ kò ní gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé àbúrò mi máa kú ni?"

Mo jókòó tì í. Mo sọ fún un pé èmi náà ò mọ̀. A jọ jókòó síbẹ̀, ó sì di aṣọ mi mú títí wọ́n fi ní kí a máa lọ.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan, kì í ṣe lọ́sẹ̀ kan, ibà mìíràn sì tún fẹ́ gbé e lọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù náà, ṣùgbọ́n wọ́n padà tòògbé. Dókítà fi kún oògùn rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà sí ṣọ́ọ̀bù, gbígbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí ọ̀sán sì ti di orí ìrọ̀lẹ́. Tíṣà ní kò burú, òun ti fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà pípẹ́.

Ìyá Àṣẹ kò bẹ̀bẹ̀. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dípò ẹ̀bẹ̀, ó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba iṣẹ́ mi mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ láti òdìkejì títì, yóò ní kó padà sẹ́yìn. Ó ń wàásù oògùn fún gbogbo ẹni tó bá wá gẹrun, ó ń sọ bí ẹ̀ṣọ́ ara ṣe rí, pé ara kì í ka ọdún, bí ẹni pé òun ló kọ́ Dókítà. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé oògùn alágbára tí wọ́n ya kìnnìún sí lára dé, Ìyá Àṣẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dà á sí gọ́tà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa àbúrò mi ni?" Mo bojú wẹ̀yìn kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn kan délẹ̀, wọ́n sì tún pe ìpàdé sí pálọ̀ wa. Bí mo ṣe rí wọn tí wọ́n jókòó tán, mo dìde láti lọ sí kíṣínì. Ẹnikẹ́ni kò lé mi, ẹsẹ̀ mi ló mọ ọ̀nà.

Ìyá Àṣẹ ní, "Ìyàwó, níbo lò ń lọ? Jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, mo sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n ń wo ilẹ̀kùn kíṣínì bí ẹni pé omi yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. N kò mira. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó mọ ibi tí ife wà. Bàbá Kékeré ló dìde níkẹyìn, ó sì gbé omi dé nínú ìkòkò tí mo fi ń se ìrẹsì, pẹ̀lú ife ìfọyín kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ni àkùkọ ti kọ nínú àpò ọkọ mi. Ìyá Àṣẹ gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Ọkọ mi yọ oògùn rẹ̀, ó gbé e mì lójú gbogbo wa, ìpàdé sì ń bá a lọ. Kò pẹ́ púpọ̀, ó na ọwọ́ mú ife ìfọyín náà láti tún mu omi. Ife náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ta sílẹ̀, ó ń ta sára ẹ̀wù Ìyá Àṣẹ, obìnrin náà kò sì yẹ̀ ẹ́. Mo wo ọwọ́ náà bó ṣe ń gbọ̀n, ọkàn mi balẹ̀.